Ìjánu Ọkọ̀ Kì í Ṣàdédé Daṣẹ́ Sílẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ o. Èmi kì í ṣe ẹni tí ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn. Iṣu ni mò ń tà. Àrámọ̀kọ-Èkìtì ni mo ti ń kó o lọ sí ọjà Àtàkúmọ̀sà n'Iléṣà, èmi fúnra mi ni mo sì ń wa ọkọ̀ tó ń gbé e láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ mi ti ṣaláìsí. Ọmọ tó ń bá mi já ẹrù a máa ra ìwé ìròyìn yín lọ́jọ́ ọjà. Tí ọwọ́ bá dilẹ̀, a kà á sókè kí gbogbo ìsọ̀ gbọ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ gbólóhùn tó mú mi gbé bírò.

Gbólóhùn náà ni pé "ìjánu ọkọ̀ náà ló ṣàdédé daṣẹ́ sílẹ̀." Ẹ ti kọ ọ́ títí, mi ò lè kà á mọ́. Bí ọkọ̀ akóyanrìn bá ya wọ ìsọ̀ àwọn èèyàn, ìjánu ló daṣẹ́ sílẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì bá já sí kòtò, ìjánu náà ni. Nígbà míì ẹ ó kọ ọ́ pé ìjánu já. Bí a bá ti ka ibẹ̀ tán, gbogbo ìsọ̀ á ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rìn lọ́jọ́ tébi ń pọ̀nà," á sì parí síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú "já" yẹn ṣáájú. Ẹnu ẹṣin la ti yá ọ̀rọ̀ ìjánu. Tẹṣin ní irin lẹ́nu, ó ní awọ àti okùn lọ́wọ́ ẹni tó gùn ún. Tí awọ bá gbó, ó lè já lóòótọ́, kí ẹṣin gbé olówó ẹ̀ wọgbó. Tọkọ̀ kò ní okùn, àfi áńbíréèkì tí a ń fi ọwọ́ fà nìkan, màá sì dé orí ìyẹn. Òróró ló wà nínú bíréèkì ẹsẹ̀ ọkọ̀ bíi tèmi. Bí ẹ bá tẹ pẹ́dà, òróró inú páìpù ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ yín lọ bá táyà. Òróró kì í já. Ó lè jò, ó lè gbó, afẹ́fẹ́ lè wọnú ẹ̀, omi lè wọnú ẹ̀, ọ̀kankan nínú ẹ̀ kì í sì í sábà ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

"Daṣẹ́ sílẹ̀" sàn díẹ̀ lójú tèmi. Ní Nàìjíríà yìí, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wo ló ń daṣẹ́ sílẹ̀ láìfún ìjọba ní gbèdéke? Wọ́n á ní ọjọ́ 14, wọ́n á ní ọjọ́ 21, wọ́n á tún sún un síwájú. Ìjánu ọkọ̀ tèmi náà fún mi ní gbèdéke, ó sì ju ọjọ́ 21 lọ. Èmi ni mi ò dá a lóhùn.

Hilux ni ọkọ̀ náà, ti ọdún 1994, ẹ́ńjìnnì onídísẹ́ẹ̀lì, irú èyí tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà. Díìsì, irin pẹlẹbẹ tí páàdì ń fún mọ́, ni bíréèkì iwájú ẹ̀; dírọ́ọ̀mù, irin bí ìlù tí ṣúù ń tì láti inú, ni tẹ̀yìn. Tòkúnbọ̀ ni ọkọ mi rà á. Kò tíì pé ọdún kan tó rà á tó fi ní kí wọ́n fi ewé sípíríǹgì méjì kún tẹ̀yìn lọ́tùn-ún àti lósì, kó lè máa gbé ẹrù dáadáa. Ẹ rántí sípíríǹgì yìí.

Oṣù Keje ọdún tó kọjá, nígbà tí iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú, ni mo kọ́kọ́ rí i. Tẹ́lẹ̀, bí ẹsẹ̀ mi bá ti kan pẹ́dà bíréèkì, òkè lọ́hùn-ún ló ti ń dá mi lóhùn. Ó wá di pé ó gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ dé ìdajì kó tó mú. Mo ní ọjọ́ orí ni, èmi náà kì í tètè dìde mọ́. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ẹni tó ń wa ọkọ̀ àtijọ́ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò mú. Ẹ gbẹ́sẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ó mú. Ẹsẹ̀ á mọ́ ọn lára débi pé ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ̀ ń ṣe é mọ́. Ọmọ mi obìnrin bá mi wọkọ̀ lọ́jọ́ kan, a ò tíì dé Ìtawùrẹ́ tó fi wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Màámi, iyán lẹ̀ ń gún lábẹ́ síárìn yẹn ni?" Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé òróró inú ike bíréèkì ti wọ ìsàlẹ̀ ìlà. Ọmọ kan wà lẹ́bàá ọ̀nà tó ń lẹ táyà. Ó ní kò sí bíréèkì ọ́ìlì nítòsí. Ó bu omi sínú agolo, ó po ọṣẹ mọ́ ọn, ó dà á sí i. Ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà awakọ̀ ń ṣe é, pé á gbé mi délé. Ó gbé mi délé lóòótọ́. Ìyẹn ni mo ṣe gbàgbé ẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà ibẹ̀ yẹn mọ̀ pé àárín òkè ni Ẹ̀fọ̀n-Alààyè wà. Bí ẹ bá ti ń kúrò níbẹ̀ bọ̀ sí apá Ìwàràjà, ẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ ni, ọ̀nà á máa yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún. Igba iṣu ló wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà, àgbà iṣu, mo lérò pé ó tó tọ́ọ̀nù kan. Jíà kẹrin ni mo fi ń sọ̀, mo wá fẹsẹ̀ há bíréèkì láti òkè. (Jíà tó bá gbé ẹ gun òkè ni kó o fi sọ̀ ọ́. Ọkọ mi sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tó ń kọ́ mi ní mọ́tò, ó sì sọ ọ́ títí ó fi kú.) Mo gbóòórùn kan bí ìgbà tí rọ́bà bá ń jóná. Pẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ẹ̀bà tí omi ẹ̀ pọ̀. Nígbà tí mo dé kọ́nà kejì, ó lọ bá ilẹ̀ gbáà. Mo fún un lẹ́ẹ̀mejì. Mo fún un lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ilẹ̀ ọkọ̀ ni mò ń tẹ̀. Mo fa áńbíréèkì, ó gòkè fẹ̀rẹ̀ bí ọwọ́ ilẹ̀kùn tí wọn ò so mọ́ nǹkan kan.

Jíà ló gbà mí. Mo já a sí ẹ̀kẹta, ẹ́ńjìnnì han gooro. Mo já a sí ẹ̀kejì, gbogbo ara ọkọ̀ gbọ̀n. Ó ti ń rọlẹ̀ nígbà tí mo rí òkìtì yẹ̀pẹ̀ pupa kan lápá ọ̀tún, mo kọ imú ọkọ̀ sí i. Ó dúró. Iṣu dà sílẹ̀, ó ń yí gbirigbiri wọ inú igbó. Mo jókòó síbẹ̀, orúnkún mi ń gbọ̀n, mi ò lè ṣílẹ̀kùn.

Èrò pé. Ẹni àkọ́kọ́ tó dé ọ̀dọ̀ mi kígbe pé ìjánu já. Ẹnì kan ní kí n bọ Ògún. Òmíràn ní ọwọ́ ayé ni, pé kí ló gbé obìnrin dé ìdí ọkọ̀ ẹrù. Mo fẹ́ fèsì fún un pé bí ò nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú, ṣùgbọ́n ohùn ò jáde. Wọ́n bá mi ṣa iṣu, Ọlọ́run á san án fún wọn. Nígbà tí wọ́n fi ṣà á tán, ó ti tó bí ogójì ìṣẹ́jú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gòkè lọ wo pẹ́dà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì mú! Kò lágbára tó ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó mú. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bẹ́ sílẹ̀ bí ẹni tó rí ejò. Ariwo sọ. Àwọn tó ti ń sọ pé ayé ni wá rí ẹ̀rí. Bíréèkì tó kọ̀ lórí òkè, tó padà wá nígbà tí ewu ti kọjá, kí lẹ fẹ́ pè é?

Ọmọ mi ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì ló là á yé mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní bíréèkì ọ́ìlì fẹ́ràn omi. Bó bá pẹ́ nínú ọkọ̀, á máa fa omi látinú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí iyọ̀ tí a ṣí sílẹ̀ nígbà òjò. Ó gbé ike kan wá, ó fi hàn mí níbi tí wọ́n kọ DOT 3 sí, orúkọ irú òróró tó wà nínú ẹ̀. Ó ní DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá ti mu omi, 140 ni wọ́n retí kó lè fara dà mọ. DOT 4 ń fara da 230 nígbà tó wà ní tuntun, ó ń di 155 tó bá mu omi. Ó ní, "Màámi, omi lásán ní tiẹ̀, 100 ló ń hó, omi lẹ sì jẹ́ kí wọ́n bù sí i." Bí mo ṣe fẹsẹ̀ há bíréèkì láti òkè, díìsì iwájú gbóná, ooru náà wọ inú òróró, omi inú ẹ̀ hó, ó di oruku, bí èyí tó ń rú lẹ́nu ìkòkò tó ń hó. Oruku kì í ṣe bí òróró, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ kó sún kì. Gbogbo agbára ẹsẹ̀ mi, oruku ló ń tẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dúró tó tutù, oruku padà di omi, pẹ́dà sì jí. Mo sọ ọ́ fún àwọn ará ọjà. Àwọn kan gbà, àwọn kan ní ayé náà ló mú omi ọṣẹ wá. Mi ò bá Ògún jà o. Ọ̀gá tó padà tún ọkọ̀ yẹn ṣe ń bọ Ògún lọ́dọọdún, mo sì ti jẹ nínú ajá ẹ̀ rí. Ògún ò rán ẹnikẹ́ni ní omi ọṣẹ.

Ibi tí mo kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Wọ́n ní páàdì ni, wọ́n pààrọ̀ páàdì. Wọ́n bíléèdì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìyẹn ni pé wọ́n ń tú afẹ́fẹ́ kúrò nínú òróró ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan jókòó síbi síárìn, ó ń gún pẹ́dà mọ́lẹ̀ gbì, gbì, gbì, bí ẹni tó bá a ṣọ̀tá. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, àìsàn tuntun ti wọ̀ ọ́. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tí mo dúró, á máa rì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó dúró sínú ẹrọ̀fọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ibi tó ń jò. Wọ́n ní máásítà, ìyẹn ibi tí pẹ́dà ti ń ti òróró lọ sí táyà, ti kú. Ní tòótọ́, máásítà ló ń rì bẹ́ẹ̀, tí rọ́bà inú ẹ̀ bá ti ya tí òróró ń gba ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá. Mo ra òmíràn. Owó ọgọ́rùn-ún iṣu ni. Rírì yẹn dáwọ́ dúró. Rírọ̀ tí mo gbé wá sọ́dọ̀ wọn wà níbẹ̀ digbí.

Àbúrò ọkọ mi ló wá mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan n'Iléṣà, irun orí ẹ̀ ti funfun pátá. Mo retí pé á gbé sípánà. Kò gbé nǹkan kan. Ó ní, "Ìyá, ẹ gòkè. Ẹsẹ̀ yín ni màá kọ́kọ́ bi léèrè."

Ó ní kí n má tan ẹ́ńjìnnì. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n sọ ohun tí ẹsẹ̀ mi gbọ́.

"Ó lọ jìnnà, Bàbá."

"Ẹ tún un tẹ̀ kíákíá."

"Ó gòkè díẹ̀. Ó tún gòkè. Ṣùgbọ́n ó ń rọ̀, bíi kí n tẹ kànrìnkàn."

Ó ní ohùn méjì nìyẹn, pé kí n má pa wọ́n pọ̀. Èyí tó jìnnà lẹ́ẹ̀kíní tó wá ń gòkè bí a bá ń fún un, bíréèkì ẹ̀yìn ló sábà máa ń jẹ́, ṣúù ló jìnnà sí dírọ́ọ̀mù. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ń ti ṣúù lọ bá dírọ́ọ̀mù ni, ẹ̀ẹ̀kejì ló wá ń mú un. Èyí tó rọ̀ bíi kànrìnkàn, afẹ́fẹ́ ni, tàbí rọ́bà tó ti gbó tó ń wú bí ikùn àkèré. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí n má gbé e, ó sì ń ka ení, èjì, títí dé ọgọ́ta. Kò rì. Ó ní máásítà tuntun yìí kò lẹ́ṣẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ó wá wọ abẹ́ ọkọ̀. Rọ́bà kan ṣoṣo ló gbé òróró lọ sí táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ó fi àkísà wé ẹnu páláyà kó má bàa ge rọ́bà náà, ó fún un pọ̀, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Pẹ́dà gòkè! Mo kígbe pé ó ti mú. Ó ní kí n fara balẹ̀, ṣé kànrìnkàn yẹn ti lọ? Mo tún un tẹ̀. Kò lọ tán. Ó fún rọ́bà iwájú méjèèjì pọ̀ mọ́ ọn. Kànrìnkàn ṣì wà níbẹ̀. Ó dákẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Kò sí níwájú, kò sí níbi táyà ẹ̀yìn. A jẹ́ pé nǹkan kan wà láàárín." Mo gbọ́ tó ń fi irin ha ẹrẹ̀ kúrò lára nǹkan. Ó pè mí pé kí n wá wò ó. Ìró ni mo fi wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Fáàfù kan ló wà mọ́ ṣásí, lókè irin táyà ẹ̀yìn. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ó mọ́ ìsàlẹ̀. Òṣùwọ̀n ni. Bí ẹrù bá pọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ á sún mọ́lẹ̀, irin yẹn á ti fáàfù, á jẹ́ kí òróró pọ̀ dé táyà ẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, á dín in kù kí táyà ẹ̀yìn má bàa há kí ọkọ̀ má yí. Mo ti ń gun ọkọ̀ yìí láti ọdún gbọ́ọrọ, mi ò mọ̀ pé ó ń wọn iṣu mi. Bàbá fi ìka kan ewé sípíríǹgì tí ọkọ mi fi kún un, ó ní, "Ta ló ṣe èyí?" Mo sọ fún un. Ó ní sípíríǹgì yìí gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, kò jẹ́ kó sún mọ́lẹ̀ mọ́, fáàfù wá rò pé kò sí ẹrù. Igba iṣu wà lẹ́yìn, fáàfù ní ọkọ̀ ṣófo. Iwájú nìkan ló ń dá iṣẹ́ ṣe. Ẹ ò rí ìdí tó fi gbóná?

Lára fáàfù náà ni nọ́ọ̀tù bíléèdì kan wà tí ẹrẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀tù márùn-ún ni ọkọ̀ yìí ní. Mẹ́rin ni gbogbo wọn ń tú." Afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀, bí wọ́n bá bíléèdì ẹ̀ fún ọdún kan láti ibi táyà, ó lè má kúrò.

Wọ́n ṣí dírọ́ọ̀mù. Ṣúù ṣì nípọn, kò tíì jẹ, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí dírọ́ọ̀mù débi pé ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àárín wọn. Bàbá ní irú Hilux yìí, áńbíréèkì ló ń sún ṣúù mọ́ dírọ́ọ̀mù. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fà á, ó ń sún un díẹ̀. Ó wá bi mí pé ìgbà wo ni mo fà á kẹ́yìn, kí n tó wá fà á lórí òkè.

"Bàbá, òkúta ni mo máa ń fi sídìí táyà."

Àwọn ọmọ iṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó fi hàn mí níbi tí okùn áńbíréèkì ti kan táyà. Irin kékeré kan wà níbẹ̀ tó yẹ kó máa yí, ó ti dípẹtà, ó le gan-an. Bí mo bá tiẹ̀ fà á, ibẹ̀ ni á ti kú. Ó wá yé mi ìdí tó fi gòkè lọ́wọ́ mi fẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ká ní mo ti ń fà á láti ọjọ́ pípẹ́ ni, òkúta yẹn ò ní jẹ́ kí n dá ara mi lẹ́bi báyìí. Bí mo ṣe ń wo ọkọ̀ tó ń kó ẹrù n'Ìwàràjà lẹ́yìn ìgbà náà, òkúta ni mò ń rí nídìí táyà wọn.

Wọ́n bíléèdì ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kí Bàbá tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ pẹ́dà, ó gbé pátákó kékeré kan sábẹ́ ẹ̀ kó má lè dé ilẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní máásítà tó ti pẹ́ lórí ọkọ̀, ìwọ̀nba ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ dé ni inú ẹ̀ ń dán. Ibi tí kì í dé ti kó ìpẹtà jọ. Bí wọ́n bá wá gún un dé ilẹ̀, rọ́bà á lọ gbo ìpẹtà yẹn, á ya. Mo rántí ọmọ iṣẹ́ tó ń gún pẹ́dà gbì, gbì, gbì. Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni máásítà ọkọ̀ mi kú sí. Bàbá ò fẹ́ bá mi dá sí i. Ó ní tuntun ni eléyìí, àmọ́ àṣà òun ni pátákó.

Ọmọ kan wà lókè, ọ̀kan wà nílẹ̀. Èyí tó wà nílẹ̀ ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ nọ́ọ̀tù, ó ri ẹnu kejì sínú ìgò tí òróró wà nísàlẹ̀ ẹ̀. "Tẹ̀!" "Mo tẹ̀." Á tú nọ́ọ̀tù, òróró á ṣàn. "Má gbé e o!" Á dè é. "Gbé e!" Ohun tó kọ́kọ́ jáde dúdú bí omi àgbo, ó tiẹ̀ ní ìdọ̀tí nínú. Èyí tí wọ́n ń bù sí i látòkè mọ́ bí oyin tó ṣàn. Wọ́n ṣe táyà ẹ̀yìn méjèèjì, wọ́n ṣe iwájú, wọ́n wá dé orí nọ́ọ̀tù karùn-ún. Bí wọ́n ṣe tú u, ó fọn fẹ̀ẹ̀, ìfófòó sì ń jáde sínú ìgò bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fẹ́ omi ọṣẹ. Ọmọ tó wà lókè pariwo kí ẹnikẹ́ni tó bi í pé, "Ọ̀gá, ó ti le!" Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà ẹ̀yìn náà, torí ó ti ya wínníwínní, wọ́n sì tún irin fáàfù sọ kó lè bá gíga sípíríǹgì mu. Owó iṣu mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Bàbá gbà fún iṣẹ́ ọwọ́.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó kìlọ̀ fún mi nípa òróró. Ó ní kí n máa pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dún méjì méjì, kí n sì má ra ike tí wọ́n ti ṣí. Ó ní omi ọṣẹ burú, ṣùgbọ́n àwọn tó ń bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i ló burú jù, pé rọ́bà gbogbo inú bíréèkì á wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, tí a ó sì máa pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí.

Olóòtú, ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín kò tóbi. Bí akọ̀ròyìn yín bá dé ibi ìjàǹbá, tí awakọ̀ bá wà láàyè, kí wọ́n bi í pé: ó tó ọjọ́ mélòó tó ti ń fún un lẹ́ẹ̀mejì? Wọ́n tú nọ́ọ̀tù mélòó? Ta ló ni ọkọ̀, ṣé awakọ̀ sọ fún un, kí ló sì fèsì? Torí èmi mọ awakọ̀ tó sọ fún olówó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta pé bíréèkì ń rọ̀, tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ lọ gbé ẹrù dé ná. Bí jàǹbá bá wá ṣẹlẹ̀, "ìjánu ṣàdédé daṣẹ́ sílẹ̀" ni ẹ ó kọ, olówó ọkọ̀ á sì máa ká ọwọ́ lérí pé àmúwá Ọlọ́run ni. Gbólóhùn yín ló fi bojú.

Àwọn tó ń dá wa dúró lójú ọ̀nà náà, bí ẹ bá tún fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, ẹ bá mi bi wọ́n. Wọ́n ti béèrè páátíkúlà ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n ti béèrè táyà àfikún, wọ́n ti béèrè gáásì apaná. Lẹ́ẹ̀kan péré ni wọ́n wo áńbíréèkì, ìyẹn náà torí wọ́n fẹ́ kí n gbé ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà ni. Kò tíì sí ẹni tó gòkè tẹ pẹ́dà wò. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀fọ̀n ni mo tún gbà kọjá lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, jíà kejì, pẹ́dà ń dá mi lóhùn lókè. Bí mo bá dúró, mo ń fa áńbíréèkì, mo sì ń gbọ́ tó ń dún kakaka títí yóò fi mú. Bó bá jẹ́ orí òkè ni, mo ń fi igi há táyà pẹ̀lú. Òkúta mi ti di ọ̀kan nínú àdògán tó wà lẹ́yìnkùlé. Ìkòkò tí mo fi ń se iṣu fún àwọn ọmọ ló jókòó lé e.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Oníṣu,
Àrámọ̀kọ-Èkìtì.